Ọkọ Tí Ẹja Kọ̀

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán ọjọ́ Jimọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, nínú takisí tó ń lọ Ìsẹ̀, tí èmi náà ti jókòó sí ṣùgbọ́n tí kò tíì kún, ní gáréèjì Ìkẹ̀rẹ́, láàárín tọkọtaya kan tó gbé ọ̀pá ìwọ̀ àti korobá òfìfo dání.

"Olówó orí mi, epìyà tí ẹ ṣèlérí fún ìyá mi dà?"

"Wọn ò jẹ ìwọ̀."

"Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ jẹ ẹ́? Òjìji yín bo omi, ẹ wá ń kọrin ìyìn. Ṣé orin ni kí wọ́n gbé mì?"

"Mò ń fi í lé Olúwa lọ́wọ́ ni."

"Ẹ kúkú fi ekòló há ìwọ̀ kékeré, kí ẹ jókòó sí ibòji, kí ẹ dákẹ́."

"Kí la ó wí bí a bá dé ulé? Láti ìgbà tí iṣẹ́ Èkó ti bọ́ ni màmá ti ń wò mí."

Obìnrin náà rò ó díẹ̀. "A ó ní ẹ ò lọ rárá. Ọkọ tí kò lọ ṣì sàn ju ọkọ tí ẹja kọ̀."

Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn dùn mí, ó sì bà mí lẹ́rù. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni mo ti ń jókòó jẹ́ẹ́ sí ibòji ọ́fíìsì ìjọba ní Adó, pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí mi lọ́wọ́, tí mò ń retí iṣẹ́ tí kò dé. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n tún padà lọ dákẹ́ ni, àbí kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin?