Àwẹ̀ró Ajíbéèrè, obìnrin tó ń ka ọmọ ọlọ́mọ

Ní ayé àtijọ́, kí wọ́n tó la títì dé ibí, nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ lásán la fi ń mọ bí ìlú kan ṣe jìnnà sí èkejì, obìnrin kan wọ ìlú Ìdó-Àràbà yìí pẹ̀lú ẹrù kékeré lórí. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Òun ni ìyá àkọ́kọ́ nínú agbo ilé wa yìí. Ẹ sún mọ́bí, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Ìwọ Kọ́ládé, gbé àga yẹn kúrò lójú ọ̀nà.

Ogun ló lé Àwẹ̀ró wá. Ogun jó ìlú wọn, ó pa ọkọ rẹ̀, ó pa ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Lásìkò yẹn, àwọn tí ogun lé ń bọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń tẹ̀dó sísàlẹ̀ odò níbi tí ilé ìwé wà lónìí. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo orí ilé. Ẹlòmíràn dé pẹ̀lú ọgbẹ́ lára, ẹlòmíràn dé pẹ̀lú ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, tó kàn gbé lójú ọ̀nà nítorí pé ó ń sunkún.

Àwọn onílé ò fẹ́ràn wọn. Wọ́n ní ta ló mọ ẹni tó jẹ́ amí nínú wọn. Bí àwọn àtìpó bá ń kọjá lọ pọnmi, àwọn onílé á ti ilẹ̀kùn. Àwọn àtìpó náà ò sì fọkàn tán onílé. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá fún wọn, ajá ni wọ́n á kọ́kọ́ fún jẹ. Wọ́n á dúró wo ajá náà títí, kí wọ́n tó fọwọ́ kan oúnjẹ náà.

Àárín irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni Àwẹ̀ró wà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á bọ́ sọ́nà. Á lọ láti àtíbàbà dé àtíbàbà, á sì gun òkè wá sọ́dọ̀ àwọn onílé, ìbéèrè kan náà ni á máa bi gbogbo wọn.

"Ẹ jí ire o. Ẹni mélòó ló jí nílé yìí? Ta ni ara rẹ̀ ò yá? Ta ni ò tíì jẹun?"

Bí opó kan bá wà nísàlẹ̀ odò tó mọ òwú ran, tí ìyàwó onílé kan ń wá ẹni tó máa bá a rànwú, Àwẹ̀ró á mú wọn mọra. Bí ẹnì kan bá bímọ tí kò rí ẹni pọnmi fún un, á wá ẹni tí yóò pọn ọ́n. Kò sí ẹni tó rán an. Kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí nílùú yìí. Kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èyí gan-an ló sì ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù. Wọ́n ní èèyàn tí kò gba nǹkan kan, tó sì ń béèrè iye ẹni tó sùn sílé rẹ, kí ló ń wá? Wọ́n wá sọ ọ́ ní Ajíbéèrè. Ẹ̀yin ń jẹ́ ẹ lórúkọ lónìí, ẹ̀ ń gbé e gẹ̀gẹ̀. Èébú ni nígbà yẹn.

Èyí tó wá bí wọn nínú jù ni okùn kan tó máa ń so mọ́ ìdí. Ọmọ tí baba rẹ̀ kú, tí ìyá rẹ̀ kú, Àwẹ̀ró á ta kókó kan fún un lára okùn náà. Ẹ mọ̀ pé èèwọ̀ ni kí èèyàn máa ka ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí kókó pé mẹ́rìnlélógún, àwọn obìnrin ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ wọn sẹ́yìn bí wọ́n bá ti rí i.

Amọ̀kòkò kan wà tó ń jẹ́ Efúnyẹmí, àgbà obìnrin ni, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó dá Àwẹ̀ró dúró níwájú ilé rẹ̀.

"Ajíbéèrè, ta lo ń ta kókó yẹn fún?"

"Àwọn ọmọ náà ni, ìyá."

"Ọmọ ò lè lo okùn. Ta lo ń bá kà wọ́n?"

"Ìyá ọmọ kan kú sí mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà," Àwẹ̀ró dá a lóhùn. "Kó tó kú, ó kọ́ mi ní oríkì ọmọ rẹ̀, ó ní kí n máa kì í láràárọ̀ kó má baà gbàgbé ilé baba rẹ̀. Nígbà tí mo débí, mo rí i pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀. Mo wá oríkì gbogbo wọn lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Bí n ò bá ta kókó, màá gbàgbé ẹnì kan."

Efúnyẹmí wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọ̀rọ̀ rẹ dùn," ó ní. "Mi ò gbà á gbọ́." Ó sì sọ fún gbogbo àdúgbò pé kí wọ́n máa ṣọ́ obìnrin náà.

Ọkùnrin kan wà nílùú nígbà yẹn tí wọ́n ń pè ní Òjéwùmí. Olówó ni, ẹlẹ́rìn-ín ni, ilé rẹ̀ fẹ̀, oko rẹ̀ jìnnà. Ó wá sísàlẹ̀ odò, ó ní àánú àwọn ọmọ aláìníyàá ń ṣe òun, òun á gba méje lára wọn tọ́. Gbogbo ìlú yìn ín. Inú Àwẹ̀ró dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fa àwọn ọmọ méje náà lọ́wọ́ lọ sílé Òjéwùmí, ó sì wẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó lọ. Ohun tó dùn ún títí tó fi kú nìyẹn. Mi ò ní fi pa mọ́ fún yín.

Láràárọ̀ ló ń lọ kì wọ́n. Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ń jáde. Nígbà tó ṣe, mẹ́ta péré ló ń rí.

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n wà lóko," Òjéwùmí á fèsì, á sì gbé àpótí fún un kó jókòó. "Ajíbéèrè, àbí ọmọ ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ni?"

Ohùn rẹ̀ tutù, kò sí ohun téèyàn lè dì mú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwẹ̀ró á dúpẹ́, á máa lọ. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá tí kò rí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àyọ̀ká, ọmọ bí ọdún mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kẹwàá, ojú rẹ̀ bọ́ sí ìdí ààrò. Abọ́ méje tí àwọn ọmọ fi ń jẹun wà níbẹ̀. Mẹ́ta mọ́. Mẹ́rin wà ní ìdojúdé, aláǹtakùn ti ta òwú bò wọ́n. Ìyàwó Òjéwùmí rí i pé ó ń wo abọ́. Obìnrin náà ò wo ojú rẹ̀, ó kàn ń gbálẹ̀ lọ, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ má wá síbí mọ́."

Ta ni Àwẹ̀ró fẹ́ sọ fún? Àjèjì ni, ọmọ onílẹ̀ ni Òjéwùmí. Kó tó mọ ohun tó máa ṣe, Òjéwùmí ti lọ bá Baálẹ̀. Ó ní obìnrin yẹn ń bá àwọn tó ń kó èèyàn tà ṣiṣẹ́, ó ní kí wọ́n wo okùn ìdí rẹ̀. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè é, ilé kún fọ́fọ́.

"Wọ́n ní ò ń ka ọmọ," Baálẹ̀ wí.

"Mò ń kà wọ́n, Bàbá," Àwẹ̀ró wí lórí ìkúnlẹ̀. "Okùn náà rèé. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ tó wà lára rẹ̀ wá síwájú yín. Bí wọ́n bá pé, ẹ ṣe mí bí ẹ ṣe ń ṣe ọ̀dàlẹ̀. Bí wọn ò bá pé, ẹ bi ẹni tí a fi ọmọ náà sọ́dọ̀ rẹ̀."

Òjéwùmí rẹ́rìn-ín, ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Wọ́n dá ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n ní kí Efúnyẹmí máa ṣọ́ Àwẹ̀ró kó má baà sá, bó ṣe di pé amọ̀kòkò tí ń fura sí i ló ń bá a gbé nìyẹn. Láràárọ̀, Àwẹ̀ró á mú okùn rẹ̀, á di kókó kan mú, á ki ọmọ tó ni ín, á fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn bí ọmọ náà ṣe máa ń dáhùn, á sún sí òmíràn. Efúnyẹmí á máa po amọ̀, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọjọ́ pé. Wọ́n kó àwọn ọmọ wá. Òjéwùmí kó tirẹ̀ dé, ọmọ méje, orí fífá, aṣọ tuntun. Wọ́n kà á, ó pé géérégé. Kùn-ùn bẹ̀rẹ̀ láàárín èrò. Àwẹ̀ró wo àwọn ọmọ náà, ó wo mẹ́rin nínú wọn lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, mi ò mọ àwọn wọ̀nyí."

"Oúnjẹ ló dé ara wọn," Òjéwùmí wí. "Wọ́n ti sanra."

Ṣé ẹ rí i, kò sí onílé kan ṣoṣo níbẹ̀ tó lè jẹ́rìí. Wọn ò wo ojú ọmọ àtìpó rí débi tí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n. Àwẹ̀ró bá dìde, ó dojú kọ ọmọkùnrin kan lára àwọn mẹ́ta tó mọ̀.

"Àkànjí, ọmọ alágbẹ̀dẹ ìdí ìrókò, ọmọ ẹni tí ẹwìrì ń jí láàárọ̀."

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. "Iná kì í kú nílé baba mi," ó dáhùn.

Ó yí sí ọmọbìnrin tí wọ́n pè ní Àyọ̀ká.

"Àyọ̀ká, ọmọ atukọ̀ ojú omi, ọmọ arí-odò-má-bẹ̀rù."

Ọmọ náà dúró. Àwẹ̀ró tún kì í. Ọmọ náà bojú wo Òjéwùmí.

"Ẹ̀rù ń bà á," Òjéwùmí wí. "Ta ló sì mọ̀ bóyá ńṣe ni obìnrin yìí ń hùmọ̀ oríkì lẹ́nu?"

Efúnyẹmí ló dìde. "Kò hùmọ̀ rẹ̀," ó ní. "Àárọ̀ márùn-ún ni mo fi gbọ́ ọ. Bí ó bá kì í débẹ̀ yẹn, ọmọ á ní, 'Odò kún, baba mi ò sá.' Èmi tí mi ò fọkàn tán an ti mọ̀ ọ́n." Ó kúnlẹ̀ ti ọmọ náà. "Ọkọ mi, kí ni ìyá rẹ ń pè ọ́?"

"Àbẹ̀kẹ́," ọmọ náà wí. "Ìyá mi wà lábúlé. Bàbá yìí ní kí n jẹ́ Àyọ̀ká títí di ìrọ̀lẹ́."

Òjéwùmí gbé agbádá rẹ̀ sí èjìká bí ẹni tó fẹ́ lọ, àwọn géńdé sì ti dí ẹnu ọ̀nà. Kí oòrùn tó yẹ àtàrí, ó ti ka ibi tó ta àwọn ọmọ mẹ́rin náà sí.

Baálẹ̀ rán àwọn èèyàn tọ̀ wọ́n. Wọ́n rí mẹ́ta gbà lójú ọ̀nà. Wọn ò rí Àyọ̀ká. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ rìn dé etí ọ̀sà, ó ń kì í láti ìlú dé ìlú. Nígbà tó padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú.

Wọ́n lé Òjéwùmí lọ. Baálẹ̀ fi ilé ọkùnrin náà fún Àwẹ̀ró kó máa tọ́ àwọn ọmọ inú okùn níbẹ̀. Ilé yẹn la jókòó sí yìí. Àwẹ̀ró ò bímọ mọ́. Àkànjí ni baba ńlá tèmi. Gbogbo wa tẹ́ ẹ rí yìí, àtọmọdọ́mọ àwọn ọmọ inú okùn ni wá.

Àmọ́ ọkàn Àwẹ̀ró ò balẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Kódà bí ẹni rere bá gba ọmọ tọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á lọ yọjú láìròtẹ́lẹ̀, á yẹ ìdí ààrò wò. Wọ́n ní ìfura rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó ní kó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló fi í lélẹ̀ pé, bí ọmọ ilé yìí bá ń gbé lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ká lọ wò ó láì ránṣẹ́ ṣáájú, ká pe ọmọ náà sẹ́yìn ilé, ká kì í, ká fetí sí ohùn tó fi dáhùn.

Ẹ ò tíì béèrè ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí. Fèyíkẹ́mi wa tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyàwó tíṣà kan n'Íbàdàn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè é lórí fóònù lóṣù yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni obìnrin náà fohùn jẹ́jẹ́ sọ pé ó wà nílé ìwé. Ọjọ́ Àìkú ni ọ̀kan nínú ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Mosúnmọ́lá, ìwọ lẹ̀gbọ́n rẹ̀, o mọ oríkì rẹ̀ dáadáa. Lọ múra, ọkọ̀ àárọ̀ ọ̀la la máa wọ̀.

"Bàbá, ṣé kí n pè wọ́n pé a ń bọ̀?"

Rárá o. Gbé fóònù yẹn wá síbí.