Lẹ́tà Kan Ṣoṣo Tí Mo Tún Ṣe

Dókítà ti ní kí n máa jẹ ohunkóhun tó bá wù mí, mo sì mọ ìtumọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ò lè bá mi wọ ilẹ̀. Ìbídàpọ̀ ọmọ mi, gbé bíírò, máa kọ ohun tí mo bá sọ. Àwọn ènìyàn ní èmi Ọlásúnkànmí Gbádéyan ni mo kọ́kọ́ mú kí kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ní Ore. Irọ́ ni. Rachel, ọmọbìnrin kan láti ìlú Ajue, ló ṣe é. Olè ni mí.

Ọdún 1982 ni. Owó epo rọ̀bì ṣì wà lóde, ọ́fíìsì wa tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ọ̀dà títì tó wà nílẹ̀ Agbabu sì ra kọ̀ǹpútà kan tó ti dàgbà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ògbufọ̀ ránṣẹ́, ìyẹn ètò tó máa ń túmọ̀ ohun tí a bá kọ fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n ṣe é fún. Àwa fúnra wa la gbọ́dọ̀ tò ó kí ó lè bá tiwa mu. Ọ̀gá Fádáre, olórí ọ́fíìsì wa, ní ẹni tó bá ṣe é ni òun máa rán lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Èkó fún ọdún méjì. Èmi tí mo ti ṣe tíṣà Yorùbá ní Ọ̀yọ́ rí, mo jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Pàbó ló já sí.

Rachel, tó kàn ń tẹ lẹ́tà fún wa, ló wá gbà á ṣe. Áà, ọmọ náà mọ iṣẹ́! Bí ẹ̀rọ bá kọ̀, kì í bínú. Á ka ohun tó sọ, á kọ ọ́ sínú ìwé, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí ò burú, sà. Àgbà ni. Ohun tí ògbufọ̀ ń bi í ni kò gbọ́ rí. Ó ń bi í ní aago, bẹ́ẹ̀ aago ò sí nínú rẹ̀." Ó wá kọ ètò kékeré kan sí àárín àwọn méjèèjì, tí yóò máa bá àgbà dáhùn. Ó sọ ọ́ ní OMA. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹ̀rọ sọ̀rọ̀: ìdáhùn hàn lójú rẹ̀. Mo pariwo, "Rachel, o kú iṣẹ́! Ọwọ́ ẹ ò ní rọ!" Ó ti inú mi wá. Mi ò tíì rí irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Lọ́jọ́ kejì, kí àwọn ọ̀gá tó dé láti Àkúrẹ́ wá wo ẹ̀rọ náà, mo ń wo iṣẹ́ rẹ̀. Níbi tó ti ní kí ògbufọ̀ lọ pe ètò kékeré náà, mo rí OMA. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọmọ yìí ò mọ "ọmọ" kọ. Mo yí A padà sí O. Àṣejù tíṣà! Ará Ìkálẹ̀ ni Rachel. "Ọma" ni wọ́n ń pe ọmọ nílé wọn. Ògbufọ̀ wá ń wá OMO káàkiri, bẹ́ẹ̀ OMA ló wà nílé.

Níwájú àwọn àlejò, ẹ̀rọ dákẹ́. Rachel ń làágùn. "Ta ló fọwọ́ kan iṣẹ́ mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wò ó." Wọn ò gbà. Ọ̀gá Fádáre yíjú sí mi. Ìgbà yẹn gan-an ni mo mọ ohun tí mo ṣe. Mo ní, "Sà, mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má kánjú." Ẹ gbọ́, mi ò kìlọ̀ fún un rí! Wọ́n ní kó máa lọ sílé, kó má padà wá mọ́. Ó kó ìwé rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ṣáà rí i tó ń ṣiṣẹ́ lánàá."

Bó ṣe jáde tán, mo dá A padà sáyè rẹ̀. Ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Fádáre dì mọ́ mi. Èmi ni mo lọ sí Èkó. Rachel padà sí Ajue, ó lọ ń ṣe epo pupa.

Rachel, bí o bá ṣì wà láyé, mo bẹ̀ ọ́, foríjì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ ò bá gbọ́ rí, ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ kí ẹ tó tún un ṣe. Bí ẹ bá sì bà á jẹ́, ẹ jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ìbídàpọ̀, mú ìwé náà wá kí n wò ó. Háà! Níbi tí mo ti kọ́kọ́ dárúkọ ètò náà, OMO ni ìwọ náà kọ! Pa á rẹ́. OMA ni Rachel kọ.