Èmi Ni Mo Pe Iṣẹ́ Wọn Ní Ọ̀wẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín o. Ẹ má wá orúkọ mi, mi ò ní í kọ ọ́. Ohun kan wà nínú mi tí mi ò sọ fún ọkọ mi títí ó fi kú, tí mi ò sì sọ fún ọmọ tí mo bí. Mo ti rò pé màá gbé e wọ sàréè ni. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ti pè mí, wọ́n sì máa gbé Kùránì lé mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán ná.

Ọmọ Èjìgbò ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, ti Àbíjàǹ dé, ó sì dá ilé iṣẹ́ gàrí sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Pàtíróò ni gbogbo wa ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá lọ́hùn-ún. Òun ló fi mí ṣe alábòójútó àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́. Mi ò ní tàn yín, mo fẹ́ràn ipò yẹn. Tí mo bá pàṣẹ, tí mo rí àwọn obìnrin tó jù mí lọ tí wọ́n ń sáré ṣe é, orí mi a máa wú.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àdéhùn wa. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún wọn nígbà tí mo gbà wọ́n síṣẹ́. Mo tún ní ẹni tó bá ṣe ju ìyẹn lọ, owó ófátáìmù rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ẹ̀gẹ́. Tí wọ́n bá ti wà á, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí mọ́tò tó ń kó o bọ̀ bá pẹ́ lọ́nà, ìrọ̀lẹ́ la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já a sílẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ bó o kó tó dúdú. Ilẹ̀ á ṣú, wọ́n á pe ìrun ìṣáì, àwọn obìnrin yìí á ṣì wà lórí ìjókòó.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó ófátáìmù wọn, Pàtíróò pè mí. Ó ní kí n máa se oúnjẹ fún wọn ní gbogbo ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pẹ́. Mo ní ṣé kò ní í rọrùn jù kí á san owó wọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó wá bá wa ṣiṣẹ́, tó sì jẹ oúnjẹ wa, kí là ń pe ìyẹn nílẹ̀ wa?

Ọ̀wẹ̀ là ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń sanwó ọ̀wẹ̀. Ẹni tó bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ a se oúnjẹ, a dúpẹ́, ó parí. Mo se ẹ̀wà, mo se ìrẹsì, mo fi ẹja sí i. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Wọn ò mọ̀ pé oúnjẹ yẹn la máa fi mú wọn.

Nǹkan kan ṣoṣo ni ò bá ọ̀wẹ̀ mu. Mo máa ń ti géètì. Mọ́tò ẹ̀gẹ́ ò ní í tíì wọlé tán tí màá ti tì í, kọ́kọ́rọ́ á wà nídìí ìró mi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n ń bẹ̀ lọ́wẹ̀ tí wọ́n ń tì mọ́lé?

Ọ̀kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kúdí. Láti ìlú Ara ló ti ń gun ọ̀kadà wá. Ọkọ rẹ̀ wà ní Àbíjàǹ, Kúdí nìkan ló sì bí fún un, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọ̀rọ̀ sọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n pè é lórí fóònù pé ara ọmọ náà gbóná. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ìkòkò oúnjẹ lẹ́yìn ilé. Ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí géètì fún mi. Ọmọ mi ń gbọ̀n.”

Mo ní tí mo bá ṣí i fún un, gbogbo wọn ló máa tẹ̀ lé e. Mo ní ọmọ wo ni ibà kì í ṣe. Mo ní kó lọ bó ẹ̀gẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ tán. Ó tún padà wá. Mi ò tilẹ̀ gbójú sókè.

Gìrì ti gbé ọmọ náà kó tó délé. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ló wà lọ́dọ̀ ọmọ. Kúdí ò kú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, etí rẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó ti ń sọ náà sì lọ.

Lẹ́yìn èyí ni Ìyá Kúdí kó àwọn yòókù lẹ́yìn, wọ́n lọ bá lọ́yà kan. Lọ́yà ní ẹ̀tọ́ wọn ni owó ófátáìmù tí a bá wọn ṣe àdéhùn rẹ̀. Ó ní àdéhùn ẹnu náà àdéhùn ni, bí ẹlẹ́rìí bá ti wà. Ó bá wọn kọ̀wé sí Pàtíróò. Kàkà kí Pàtíróò dáhùn, ńṣe ló lé Ìyá Kúdí lẹ́nu iṣẹ́. Ni wọ́n bá gba ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lọ ní Òṣogbo. Wọ́n pe àwa náà.

Ọkùnrin tó gbọ́ ẹjọ́ wa níbẹ̀ ò ṣe ojúsàájú. Ó bi mí bóyá èmi ni mo ní kí wọ́n máa dúró. Mo ní mo bẹ̀ wọ́n ni, pé ọ̀wẹ̀ ni. Ó bi àwọn obìnrin bóyá wọ́n jẹun. Wọ́n ní àwọn jẹun, ṣùgbọ́n mo ń ti géètì. Mo ní nítorí olè ni, pé ẹni tó bá ní òun fẹ́ lọ, mo máa ń ṣí i fún un. Ìyá Kúdí dìde. Ó ní òun sọ bẹ́ẹ̀, òun tilẹ̀ kúnlẹ̀.

Mo wo ojú rẹ̀ kòrókòró. Mo ní, “Ìyá Kúdí, o ò bẹ̀ mí. Oúnjẹ lò ń jẹ nígbà yẹn.”

Kò sẹ́lòmíì tó gbọ́ ohun tí àwa méjèèjì sọ nídìí ìkòkò. Ọkùnrin náà ní òun ò lè pàṣẹ kankan lórí ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹlẹ́rìí, pé bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n gba ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ lọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n gbà lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti wá pè mí yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Irọ́ tí mo pa ní Òṣogbo ò dúró ní Òṣogbo. Ó wọ Èjìgbò, ó dé Ara, ó kọjá sí Àbíjàǹ. Wọ́n ń sọ pé Ìyá Kúdí jókòó ti oúnjẹ ọ̀wẹ̀ nígbà tí gìrì ń gbé ọmọ rẹ̀ nílé. Ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀ pé kí wọ́n gba ọmọ òun. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyàwó tí bàbá rẹ̀ fẹ́ ní Àbíjàǹ ni Kúdí wà báyìí, ọmọ tí ò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ.

Ẹ má rò pé mi ò lójú àánú. Ilé Pàtíróò ni mò ń gbé. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, òun ló ń rán àwọn ọmọ mi nílé ìwé. Ìyá wa fi mí lé e lọ́wọ́ kó tó kú. Pàtíróò wá bá mi lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ní ohun tí mo sọ ní Òṣogbo náà ni kí n tún sọ. Mo ní Kùránì ńkọ́? Ó ní Ọlọ́run aláàánú ni. Lọ́yà àwọn obìnrin náà ti ránṣẹ́ sí mi pé ẹ̀wọ̀n ń bẹ fún ẹni tó bá búra tó tún parọ́, pé tí mo bá sọ òtítọ́, owó wọn ò ní í ṣòro gbà mọ́. Mi ò tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ní ìjẹta, mo pàdé Ìyá Kúdí ní gáréèjì. Mo rò pé ó máa ṣépè fún mi ni. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi bó ṣe máa ń kí mi tẹ́lẹ̀. Ó wá ní, “Àǹtí, ẹ má bínú o. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi títí, ọ̀rọ̀ náà ò yé mi mọ́. Ṣé mo bẹ̀ yín lọ́jọ́ náà lóòótọ́, àbí mo kàn rò ó ni?”

Mo ní mi ò rántí. Mo gun ọ̀kadà, mo bá tèmi lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mò ń tọrọ rẹ̀ láràárọ̀, kò dá ọmọ ọlọ́mọ padà. Bí èèyàn ṣe ń la ẹnu tako ọmọ ìyá rẹ̀, kó sì tún rí ilé sùn lọ́jọ́ náà, ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi. Bí ẹ̀yin náà ò bá mọ̀ ọ́n, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ Ìyá Kúdí ní ìlú Ara, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé ó bẹ̀ mí. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ mí, mo sì gbọ́.