Tata Tí Wọ́n Gé Lulẹ̀ Nítorí Irọ́ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Irọ́ kan ni mo pa ní Ẹ̀gbẹ́dá nígbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ padà gbàjọba. Ọkọ mi kú láìmọ̀ pé irọ́ ni. Mo ti pinnu pé èmi náà á gbé e lọ sí sàréè, àmọ́ ohun tójú mi rí ní Ìkòtún lóṣù tó kọjá kò jẹ́ kí n sùn mọ́.

Wẹ́dà kan tó ń jórin wà ní òdìkejì ilé tí a háyà. Bọ̀dá Wálíù lorúkọ rẹ̀. Ó kó irin àlòkù mọ́tò jọ, ó jó wọn pọ̀ di tata ńlá kan sí ẹ̀bá títì. Ó ga tó òrùlé ilé wa. Táńkì epo ló fi ṣe ikùn rẹ̀, iná iwájú mọ́tò ló fi ṣe ojú. Ó ṣáà di ìran àpéwò. Lọ́jọ́ Sunday, àwọn èèyàn á ti Ìpájà àti Gowon Estate wá, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn wọn, wọ́n á ya fọ́tò lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kọ́ńdọ́kítọ̀ gan-an ti ń pe ibùdókọ̀ wa ní "Tata".

Bùnmi, ọmọ mi, ò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà yẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó da ọbẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sè nù. Inú bí mi. Mo tì í. Ó ré bọ́ láti orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ rẹ̀ kán. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé mo tì í le tó bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi fẹ́ràn ọmọ yẹn púpọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó ronú: "Orí tata yẹn ló ti já bọ́."

Bùnmi wò mí.

Ọkọ mi kó àwọn lánlọ́ọ̀dù jọ, wọ́n lọ ká Bọ̀dá Wálíù mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó sáré wá bá mi.

"Ìyá Bùnmi, ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò rí ọmọ kankan níbẹ̀ lónìí. Ṣé ojú yín ló ṣe?"

"Ojú mi kòrókòró ló ṣe," ni mo dá a lóhùn.

Wọ́n ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé tata náà lulẹ̀. Mo dúró lójú fèrèsé. Ó ń gé e, ó ń ṣí gíláàsì dúdú ojú rẹ̀, ó ń nu omijé. Àwọn oníbàárà sá fún un, ló bá kó kúrò ládùúgbò.

Bùnmi ti wà nílé ọkọ báyìí. Irọ́ yẹn ti wọ̀ ọ́ lára débi pé òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ bí òun ṣe gun tata.

Lóṣù tó kọjá, ní Ìkòtún, bàbá kan tó ń ta ìṣó lẹ́bàá ọ̀nà pè mí. "Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni Ìyá Bùnmi?" Bọ̀dá Wálíù ni. Irun rẹ̀ ti funfun. Kí n tó lanu, ó ti dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.

"Ọwọ́ ọmọ yẹn ńkọ́, mà? Látìgbà náà, mi ò lè jórin mọ́. Bí mo bá ti taná sí i, ọmọ yẹn ni mo ń rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti kúnlẹ̀. Àmọ́ àwọn èèyàn ń wò wá. Mo ní, "Ẹ dìde. Mo ti dárí jì yín."

Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí mo fi wọ ọkọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹnu wo ni kí n fi padà lọ bá a? Kí ni kí n sọ fún Bùnmi?