Ojú Mi Lára Ògiri Ilé Ọtí Mùtíù

Ẹ má sọ fún mi pé kí n rọra, Bọ̀dá Sàlàhúdíìnì, mo ti ń rọra láti àárọ̀, ibi tí mo rọra dé náà lẹ bá mi yìí. Mo mọ̀ pé ọmọ yín ni Mùtíù, mo mọ̀ pé ìyá kan náà ló bí èmi àti ẹ̀yin, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú mi dáadáa. Ṣé ojú olótí nìyí? Èmi Bùsírátù, tí mi ò tíì fi ọtí kan ètè rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, èmi ni ìjọba ìpínlẹ̀ kọ orúkọ mi sílẹ̀ pé mo láṣẹ láti ta bíà, ògógóró àti ọtí òkè òkun. Orúkọ mi ni wọ́n kọ, orúkọ baba wa ni wọ́n fi tẹ̀ lé e, ilé wa ní Òwu ni wọ́n fi ṣe àdírẹ́sì, wọ́n sì lẹ fọ́tò mi mọ́ ọn lókè, ràgàjì, bíi ti olóyè.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà ní mo bù mọ́ ọn. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá ni ọmọ yín wá bá mi níbi tí mo ti ń ta abọ́ ní Ṣàpọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí kọnkéré. Ó yẹ kí n ti fura, torí láti ìgbà tó ti ríṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ìdajì ìdọ̀bálẹ̀ ló máa ń fún mi. Ó ní òun fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Adigbe, òun á máa ta omi àti ẹlẹ́rìndòdò, àmọ́ Èkó lòun máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, ìjọba sì fẹ́ ẹni tó ń gbé ìlú lórí ìwé. Mo ní kò burú. Mo fún un ní fọ́tò tí mo yà nígbà tí mo ti Mẹ́kà dé, mo fọwọ́ sí i. Ṣé kí n máa bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló wà nínú ìwé ni? Èmi tí mo pọ̀n ọ́n lọ gba abẹ́rẹ́, tí mo mọ eyín tó kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ẹ̀?

Òfin ọtí ló ń sá fún, Bọ̀dá. Mo ti lọ bi wọ́n léèrè ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fúnni níwèé àṣẹ ọtí. Wọ́n ní ẹni tó ń gba owó oṣù ìjọba ò lè gba ìwé àṣẹ ọtí. Ẹni tó máa gbà á gbọ́dọ̀ máa gbé nílùú, kó máa san owó orí déédéé, kó má sì jẹ́ ẹni tí aráyé mọ̀ sí ọ̀mùtí. Bíà ní ìwé tirẹ̀, ọtí ìbílẹ̀ ní tirẹ̀, èyí tí wọ́n kó gba ẹnubodè wọlé ní tirẹ̀. Mùtíù gba gbogbo ẹ̀ lórúkọ mi. Ó wo ìdílé wa yíká, ó ní ta ni ìwà ẹ̀ mọ́ jù, ó mú èmi. Ìwà tí mo ti ń tọ́jú láti kékeré, òun lọmọ yín fi ṣí ilé ọtí.

Bí ìwé yẹn bá wà nínú dúrọ́ọ̀ náà ni, Ọlọ́run ì bá bò mí láṣìírí. Òfin ní àfi kí wọ́n gbé e kọ́ ibi tí oníbàárà á ti máa rí i. Fàòsíyà tá a jọ ń lọ àsàlátù ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tá a ṣe é tán, ó ní oyè Ìyá Àdínì tí wọ́n fẹ́ fi mí jẹ lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ti dá a dúró. Ó ní Àlùhájì Àmínù, akápò mọ́ṣáláṣí, ló sọ fún ìgbìmọ̀ pé wọn ò lè fi olótí joyè. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Mo gun ọ̀kadà, ó di Adigbe.

Ẹ jẹ́ n mí ná.

Timothy tó ń bá ọmọ yín tajà ló kọ́kọ́ rí mi. Ó wo ojú mi, ó wo ògiri, ó tún wo ojú mi, ó ní, “Ọ̀gá ti dé.” Gbogbo wọn bá dìde. Ẹnì kan ki ìgò bọ abẹ́ aṣọ. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Dìran dọ̀bálẹ̀, ó ní ó ti pẹ́ tóun ti fẹ́ rí mi lójúkojú. Ó ní òun máa ń kí mi kóun tó ṣí ìgò kìíní, tóun bá wá fẹ́ ṣí ìkẹta, òun á wojú mi, òun á rí i pé inú mi ò dùn, òun á sì gbalé lọ. Wọ́n ní láti ìgbà tí mo ti dé ara ògiri, ẹnikẹ́ni ò jà níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi o. Àwọn ọ̀mùtí ń ṣàdúà fún mi, àwọn tá a jọ ń kírun ló ń bà mí lórúkọ jẹ́.

Mo ní kí Timothy já ìwé náà wálẹ̀ lára ògiri. Ó ní òun ò jẹ́ dán an wò, pé bí àwọn aláyẹ̀wò bá dé tí wọn ò bá a níbẹ̀, èmi tí mo nìwé ni wọ́n máa mú. Mo gba ọ́fíìsì lọ. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àti pé mi ò lè fẹnu lásán yọ orúkọ mi, àfi kí n mú ẹlòmíràn wá tó máa gba ìwé náà. Jímọ̀ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ẹ wá jókòó síwájú mi, ẹ ń ní kí n má ba iṣẹ́ ọmọ jẹ́. Ẹ sì wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn, Bọ̀dá. Nígbà tí wọ́n ń pe àbúrò yín lólótí, kí lẹ sọ? Ẹ wúkọ́? Ẹ ṣeun.

Kí lẹ ní? Pé fọ́tò náà ò tilẹ̀ hàn? Pé yàrá inú ló wà, ẹni tó bá jókòó sórí àga onítìmùtìmù abẹ́ fáànù nìkan ló ń rí i dáadáa?

Ẹ dúró ná.

Bọ̀dá, ògiri ni mo sọ. Mi ò sọ yàrá inú. Mi ò dárúkọ fáànù.

Ẹ má fọwọ́ bojú, èmi àti ẹ̀yin la wà níbí. Ṣé àga yẹn rọ̀ yín lọ́rùn? Kí ni Timothy máa ń gbé fún yín níbẹ̀, omi? Ẹ ní ta? Àmínù náà? Akápò ló jókòó tì yín? Háà, ẹ jẹ́ n di ìhà mi mú, ẹ̀rín á pa mí. Ẹ gbójú sókè, ẹ rí àbúrò yín, ẹ sì tún gbé ife sẹ́nu.

Ó dáa. Ilé iṣẹ́ aládàáni lẹ ti fẹ̀yìntì, kì í ṣe tìjọba. Adigbe náà lẹ kọ́lé sí. Owó orí yín pé. Kò sì sẹ́ni tó mọ̀ yín sí ọ̀mùtí àfi èmi, láti ìsinsìnyí. Ẹ̀yin gan-an ni òfin ń wá. Lọ́la, a jọ ń lọ sí ọ́fíìsì wọn, ẹ ó gba ìwé yẹn sórúkọ ara yín, kí Jímọ̀ tó pé, ẹ̀yin àti Àmínù ẹ ó dìde láàárín ìgbìmọ̀, ẹ ó sọ pé Bùsírátù kì í ṣe olótí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyàwó yín á gbọ́ nípa fáànù.

Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ ya fọ́tò tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ìwé náà, ayàwòrán ò tíì ti ṣọ́ọ̀bù. Rárá o, ẹ má tú láwàní yẹn. Pẹ̀lú láwàní ni wọ́n máa yà yín.