Ojoojúmọ́ Ni Mo Ń Yọjú Wo Oyún Inú Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú. Sọ́ńdè tó kọjá, ìyá ọkọ mi kúnlẹ̀ fún ọkọ mi, ọmọ bíbí inú wọn, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn ò dá. Mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Iṣẹ́ síkáànù ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Èmi ni mò ń bá àwọn aláboyún wo ọmọ inú wọn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wá ọmọ tèmi kí n tó lóyún. Nígbà tí oyún náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo tilẹ̀kùn, mo dùbúlẹ̀, mo gbé ẹ̀rọ lé ikùn ara mi.

Háà! Ọlọ́run tóbi! Kò ju hóró ìrẹsì lọ, kò lójú, kò nímú, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ń mì kíkankíkan. Mo ti rí i lára àìmọye obìnrin, àfi bíi pé mi ò rí i rí. Mo sunkún.

Bó ṣe di ojoojúmọ́ nìyẹn o. Nígbà tó yá, wíwò nìkan ò tó mi mọ́, mo tún ń tan ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ìró ọkàn lára ẹ̀rọ náà. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé kò yẹ. Wọ́n kọ́ wa pé agbára ibẹ̀ pọ̀ fún oyún kékeré, ká má lò ó láìnídìí, ká má sì pẹ́ níbẹ̀. Èmi yìí náà ni mo máa ń sọ fáwọn aláboyún pé, "Àǹtí, ó ti tó, ẹ jẹ́ kọ́mọ sinmi." Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé tí mi ò bá wò ó lónìí, ó lè ti lọ.

Mo bímọ, ọmọ rẹwà. Ó pé ọdún mẹ́ta, kò sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ní àgbo tí ìyá òun, tó ń yan ẹja ní Bàríga, gbé wá fún mi nínú oyún ló fà á. Ó ní kí wọ́n má wá sílé wa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mu àgbo yẹn rí. Ẹ̀yìn fèrèsé ni mò ń dà á sí. Mo sì dákẹ́.

Mo bi dókítà léèrè, bíi pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni, bóyá síkáànù ojoojúmọ́ ló lè fà á tí ọmọ ò fi sọ̀rọ̀. Ó ní wọn ò tíì rí i pé síkáànù ń pa ọmọ lára, àmọ́ kò yẹ kéèyàn máa fi ṣeré, àti pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà ohun tó fa ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Sọ́ńdè tó kọjá yẹn, ìyá ọkọ mi kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn wa. Wọ́n sọ fún ọkọ mi pé, "Ayọ̀, tó bá jẹ́ èmi ni, má bínú. Jẹ́ n rí ọmọ mi." Wọ́n wá yíjú sí mi: "Ìyàwó mi, ṣé o ti dárí jì mí?"

Mo ní, "Mo ti dárí jì yín, Mà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ òtítọ́ fún wọn báyìí?