Ìyá Ọkọ Mi Kọ́ Ló Fi Kókó Sínú Ọmọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Mo ń ṣa edé níwájú ilé wa ní àdúgbò Igbudu lánàá nígbà tí àbúrò ọkọ mi gbé ẹja gbígbẹ dé. Ó ní ìyá wọn ló fi rán òun láti Ubeji níbi tí wọ́n ń gbé, wọ́n sì ní: "Má sọ pé èmi ni o, kí ọmọ náà lè rí i jẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Màmá, ìyá ọkọ mi, ló ń bá mi tọ́ Tèmítọ́pẹ́ tẹ́lẹ̀, ọmọ mi obìnrin. Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń fi àdín ra á níkùn. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí: "Ìyàwó, wá fọwọ́ kàn án. Nǹkan kan wà níbí, ó sì ń rìn." Lóòótọ́, kókó kan wà níbẹ̀. Tó bá wà lápá òsì láàárọ̀, á ti sún mọ́ ìdodo kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀rù bà mí. Mo wá ń rò ó pé, báwo ni Màmá ṣe mọ̀ pé ó ń rìn? Mo pariwo lójú gbogbo ẹbí pé Màmá ló fi nǹkan sí ọmọ mi nínú. Màmá ò bá mi jà. Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n fi ìgò àdín sílẹ̀ fún mi.

Nígbà tí inú ń run ọmọ, tó ń bì, mo sáré gbé e lọ ṣe sikáànù. Obìnrin tó ń ṣe é fi nǹkan tútù pa á níkùn, ó ń ti ẹ̀rọ káàkiri. Abẹ́ ìhà òsì, níbi tó yẹ kí àmọ́ ọmọ, ìyẹn ẹ̀yà inú tí wọ́n ń pè ní spleen, wà, ṣófo. Nísàlẹ̀ ikùn ló ti bá a, ó ti lọ́ mọ́ra; òun gan-an ni kókó tó ń rìn. "Madam, nobody put anything for there. Na so dem born am. The rope wey suppose hold am no strong." Ó ní irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n so ó mọ́ àyè ẹ̀. Ara ọmọ ti yá.

Ṣùgbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ ohun tí obìnrin yẹn wí fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ orí omi ni ọkọ mi ń ṣe, kò sí nílé. Mo sọ fún un lórí fóònù pé dókítà kàn yọ kókó náà dànù ni. Ojú ló ń tì mí. Títí dòní, Màmá ò tẹsẹ̀ wọ ilé wa mọ́.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ fún wọn ní Ubeji ni, àbí kí n pe gbogbo ẹbí tí mo pariwo lójú wọn? Ọkàn mi ní kí n pe ẹbí. Ọkọ mi tí mo purọ́ fún ni mò ń bẹ̀rù.

Nígbà tí Tèmítọ́pẹ́ jẹ ẹja náà, ó ní, "Mama, this fish sweet o. Who bring am?"

Mo ní: "Màmá Ubeji ni. Ọwọ́ wọn ló kọ́kọ́ rí ohun tó ń dùn ẹ́. Èmi ni mo purọ́ mọ́ wọn."